Mo Bá Wọn Di Tọ́ọ̀ṣì Mú Nínú Ilé Ara Mi

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo ti mọ̀. Èmi náà kì í gba irú ìtàn báyìí gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó kàwé, tó ń wa bọ́ọ̀sì ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, bá sọ fún yín pé òun jowú títí ọ̀fun òun fi gbẹ nítorí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lára ògiri ilé ìdáná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Èmi ni ọkùnrin náà.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ tí ìyàwó mi ń pè mí. Kì í ṣe èyí tí bàbá mi sọ mí o. "Injinía" ni. Mi ò ka iṣẹ́ injinía níbì kankan; ìtàn àwọn ọba àtijọ́ ni mo kà ní yunifásítì, kò sì sí ọba kankan nínú wọn tó tún fáànù ṣe rí. Ṣùgbọ́n lọ́dún àkọ́kọ́ tí a fẹ́ra wa, nínú yàrá kan ṣoṣo tí a gbà ní Èkó, áyọ́ọ̀nù wa kú láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Mo fi ọ̀bẹ ìjẹun tú u, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú, mo dì í padà, ló bá gbóná. Títí dòní mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Ìyàwó mi ní, "Ha! Injinía mi!" Láti ọjọ́ náà lọ, bó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀ níṣojú èèyàn, ṣe ni èjìká mi máa ń gbéra fúnra rẹ̀.

A ti pẹ́ ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, báyìí. Ilé wa ò jìnnà sí adágún omi Birchmere Park, níbi tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńláńlá ti ń rìn kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa bíi ká ní àwọn ló fún wa nílé gbé. Látìgbà tí a ti dé ibẹ̀, kò sí nǹkan tó bàjẹ́ tí mi ò fọwọ́ bà. Mi ò sọ pé gbogbo wọn ló jí dìde o. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kan wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí mo tún un ṣe, ó ń rìn káàkiri ilé. Àmọ́ èmi ni wọ́n ń pè. Bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀, orúkọ yẹn ni màá gbọ́ láti inú ilé ìdáná, ó sì tó mi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ firísà. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá, a kì í ra ẹran ní ègé ègé. Àwa àti ilé méjì míì la máa ń para pọ̀ ra odidi ewúrẹ́ ní Woolwich, ká tó wá sọ ti ẹja àti pọ̀nmọ́. Firísà inú ilé kò gbà á mọ́. Mo ra èkejì, mo gbé e sínú ilé pákó kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé. Kò sí iná níbẹ̀. Ṣé ìyẹn wá ni ìṣòro lójú Injinía? Mo fa wáyà gba ojú fèrèsé ilé ìdáná jáde, mo tọ ọgbà lọ. Kò tó, mo tún so òmíràn mọ́ ọn. Níbi tí orí wáyà méjèèjì ti pàdé níta gbangba, mo mú ọ̀rá ìtajà tó nípọn, ọ̀rá mẹ́ta, mo wé e lórí ara wọn, mo fi rọ́bà dè é, mo wá fi téèpù dúdú yí i po, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílé kí òjò má baà kàn án. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wò ó síwá sẹ́yìn.

"Injinía! Ẹ ti parí iṣẹ́!"

Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó tó bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí òjò ń ṣẹ́ wẹliwẹli láti àárọ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn kú. Mo ki kẹ́túlù bọ̀ ọ́, kò dáhùn. Mo mú tẹ́sítà mi jáde, èyí tí gílóòbù kékeré wà nínú ọwọ́ rẹ̀, tí mo gbé wá láti Èkó. Mo tì í bọ ihò, gílóòbù dákẹ́. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá sọ́kẹ́ẹ̀tì náà díẹ̀, bí a ti ń gbá ọmọ tó sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò jí. Mo bá fa wáyà firísà ẹ̀yìnkùlé kúrò níbẹ̀, mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kò pé wákàtí kan. Mo gbọ́ "tà!" nínú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí àpótí bírékà tó ń gé iná wà, gbogbo ilé sì ṣókùnkùn.

Ẹ wò ó, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Mo sáré lọ síbi fèrèsé iwájú, mo lọ wò ó bóyá iná wà nílé àwọn aládùúgbò. Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti lò nílùú yìí! Ara mi ṣì gbà pé wọ́n mú iná lọ ni. Ilé gbogbo ń tàn yòò. Àwa nìkan la wà nínú òkùnkùn.

Mo gbé bírékà sókè, ó dúró. Òjò le sí i, ó já. Mo tún gbé e, ó tún já. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé fi mọ́, mo mọ abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn ju ibùsùn mi lọ.

Ìyàwó mi wá dúró lé mi lórí nínú aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀.

"Daddy, ẹ jẹ́ kí n pe Brother."

Ẹ gbọ́ ohun tó pè mí. Daddy.

"Brother wo?"

"Brother tó ń ṣe iná, tó máa ń jókòó nítòsí àwọn akọrin. Ní Nathan Way, nítòsí ibí, ló ti ń ṣiṣẹ́."

Mo mọ̀ ọ́n. Kò sí ọkọ kan ní ìjọ wa tí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ nǹkan bí ogójì ọdún, ó ga, kò tíì níyàwó, irùngbọ̀n rẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n fi rúlà fà. Látìgbà tó ti tún àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ni àwọn obìnrin ti ń fi ọwọ́ méjèèjì kí i.

"Má pè é. Mo ti fẹ́ rí ìdí ẹ̀."

"Mo ti pè é."

Ọmọbìnrin wa, tó ti ń lọ sí yunifásítì, wà lórí àga gbọọrọ, ó fi aṣọ ìbora bo ara, fóònù rẹ̀ ti kú láti òru. Woolwich la bí i sí. Mo ti jà lórí "ẹ" àti "o" títí, ó ti rẹ̀ mí.

"Daddy, o ń jowú?"

"Jowú kí ni? Mo kàn ní mo lè ṣe é."

"Láti àná lo ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Allow it, Daddy, fi í sílẹ̀."

Ibẹ̀ ni Brother dé. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ìbọ̀sẹ̀ funfun ló wọ̀. Mo wá ihò lára rẹ̀, mi ò rí. Ìyàwó mi ní, "Brother, ilẹ̀ tutù o, ẹ wọ sílípáàsì yìí." Sílípáàsì mi ni! Aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n rà fún mi nígbà tí mo pé àádọ́ta, tí ẹlòmíràn kì í ti ẹsẹ̀ bọ̀ nílé yìí. Ó sì bá a mu jù mí lọ.

"Daddy, ẹ káàárọ̀ sà." Ó dọ̀bálẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ sọ fún mi, báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹni tó ti dọ̀bálẹ̀ jà? Ó wá yíjú sí ìyàwó mi. "Sister, ẹ káàárọ̀ mà."

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yẹn. Èmi ni Daddy, ìyàwó mi ni Sister. Ẹni tó jẹ́ ìyàwó mi níṣẹ́jú kan sẹ́yìn ti di ọmọ mi lójú ọkùnrin yìí.

Ó béèrè bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un bí ẹni tó mọ iṣẹ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti gbá sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fo ibẹ̀. Ó mi orí. Ó tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì kékeré sílẹ̀, ó to irinṣẹ́ lé e bíi dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Ó pa iná pátá láti ìdí, ó wá na nǹkan kan sí mi.

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di tọ́ọ̀ṣì yìí mú."

Bí mo ṣe di oní-tọ́ọ̀ṣì nìyẹn, nínú ilé tí orúkọ mi wà lórí ìwé rẹ̀.

Ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kú náà. Orí wáyà kan nínú rẹ̀ ti dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

"Nǹkan tó wúwo ló ti wà lórí eléyìí tipẹ́," ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ dá ẹnì kan lẹ́bi. "Ó ti ń jó nínú. Díẹ̀ ló kù kó ràn mọ́ ògiri."

"Jésù!" Ìyàwó mi gbá àyà mú. Ó sì gbé ọwọ́ kejì lé apá Brother. Kò pẹ́ níbẹ̀. Mo kà á: oókan, eéjì, ẹẹ́ta.

Tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ mi yà sápá kan díẹ̀.

"Daddy, mi ò ríran mọ́ o."

"Pẹ̀lẹ́. Ọwọ́ ló ń ro mí."

Ó gé ibi tó jóná, ó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Ó wá sọ pé ìyẹn nìkan kọ́, nǹkan míì ló ń já bírékà. Ó ní ká yọ gbogbo ohun tó wà lára iná nílé, lókè nílẹ̀, ká má ṣẹ́ ọ̀kan kù. Ó gbé bírékà sókè, ó dúró. Ó ní ká máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kẹ́túlù wọlé, bírékà dúró. Máíkírówéèfù wọlé, ó dúró. Ẹ̀rọ ìfọṣọ mi alárìnkiri, ó dúró. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kan bá ti yege, ìyàwó mi ń pàtẹ́wọ́. Kò ṣòro rárá. Ọmọ ilé-ìwé lè ṣe é. Kí ló wá dé tí kò wá sí mi lọ́kàn látàná? Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

"Ó ku ẹyọ kan," Brother wí. "Wáyà tó gba ojú fèrèsé jáde yìí, níbo ló ń lọ?"

Mo yíjú sí kẹ́túlù.

"Firísà ẹ̀yìnkùlé," ìyàwó mi dáhùn. "Daddy ló ṣe é."

Brother ki wáyà náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tà!

Ó fà á yọ, ó gbé bírékà sókè padà. Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí ọkùnrin yìí bá jáde, tó rí ọ̀rá mẹ́ta yẹn, tó wá sọ fún ìyàwó mi pé iṣẹ́ tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ yìn ló fẹ́ jó wa mọ́lé, Injinía ti kú nìyẹn. Wọn ò ní pè mí mọ́. Brother ni wọ́n á máa pè, bí gílóòbù bá ti jóná, bí ilẹ̀kùn bá ti há.

Ọlọ́run ló ní kí ìyàwó mi sọ pé, "Brother, ẹ kọ́kọ́ jẹun." Ó ti fi gáàsì se adìẹ tí kò fẹ́ kó bàjẹ́ sínú fíríìjì tó kú. A jókòó. Ó bu ìrẹsì fún un, ó bu fún mi. Mo wo àwo mi, mo wo tirẹ̀. Iwe adìẹ wà lórí ìrẹsì Brother.

Nílé wa, bí a bá se adìẹ, baálé ló ni iwe. Nígbà tí a kò tíì bímọ, èmi ni. Nígbà tí ọmọ dé, tó ń sunkún pé òun fẹ́ ẹ, èmi náà ni.

Brother náà rí i. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. "Ha, Sister, iwe Daddy nìyí."

"Ẹ jẹ ẹ́, Brother. Daddy ò ní bínú."

Ọmọ mi wúkọ́ sínú ife omi. Daddy ò bínú. Daddy dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ẹran inú firísà.

Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi jáde sínú òjò, ṣebí sílípáàsì mi wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n tú ọ̀rá yẹn kúrò, kí n jù ú sẹ́yìn ọgbà kí Brother tó jẹun tán. Àmọ́ mo ti dè é! Áà, mo dè é dáadáa. Rọ́bà ti wọ téèpù lára, téèpù ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Mo fi èékánná, kò gbà. Mo tẹ̀ ba, mo fi eyín sí i. Ibẹ̀ ni mo wà, àgbàlagbà, tí mo ń fi eyín fa ọ̀rá bí ajá tó rí egungun, nígbà tí mo gbọ́ ìró sílípáàsì mi lẹ́yìn mi.

"Daddy, ẹ má fi eyín fà á mọ́, ẹ jọ̀ọ́."

Ó fi ọ̀bẹ kékeré la ìdí ọ̀rá náà. Omi tú jáde nínú rẹ̀, omi pípọ́n, ó tó ife kan.

"Omi máa ń rí ibi wọlé," ó wí. "Àmọ́ ọ̀rá ò jẹ́ kó rí ibi jáde. Ká ní wọn ò wé e rárá, ì bá máa gbẹ nígbà míì. Ta ló wé e?"

Mo gbójú sókè wo ojú ọ̀run. Òun náà gbójú sókè. Òjò ń rọ̀ sí wa lójú àwa méjèèjì.

"Brother!" Ìyàwó mi ti dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Kí lẹ rí níbẹ̀?"

Ó wò mí. Ó ká ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, téèpù àti rọ́bà, ó kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀.

"Òjò ni, Sister. Òjò ló wọnú wáyà."

Irọ́ kọ́. Kò parọ́ rárá.

"Ẹ ṣé o, Brother mi!"

Mi!

Ẹ máa rò pé ó yẹ kí ọkàn mi rọ̀ sí i. Rárá o, ibẹ̀ gan-an ni owú náà ti wá jó dé egungun. Pé ó mọ iná ṣe jù mí lọ, mo lè fara dà á, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó wá tún mọ bí a ṣe ń bo àṣírí ọkọ ẹni ẹlẹ́ni! Kí ló kù tí màá fi jù ú lọ? Àwa méjèèjì gbé firísà wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun ni kò mí hẹlẹ. Ó ní òun máa padà wá fa wáyà gidi gba abẹ́ ilẹ̀, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó lọ. Ìyàwó mi ń kọrin káàkiri ilé. Ó sọ pé "Brother yẹn mà níwà o" lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá ka èyí tó fi orin sọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Mi ò sọ òótọ́ fún un. Mo la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì láti sọ ọ́, iyọ̀ ni mo béèrè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Woolwich. Nígbà tí àsìkò ẹ̀rí tó, ìyàwó mi ti dìde kí n tó mọ̀. Wọ́n fún un ní máìkì.

"Ẹ bá mi yin Olúwa!"

"Halelúyà!"

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀: wáyà tó dúdú, ògiri tí ì bá ti gbiná, àwa tí à bá wà lórí ibùsùn. Ó ní Olúwa ló rán Brother sí wa. Ìjọ pàtẹ́wọ́, Brother sì tẹrí ba bí ó ti yẹ. Ó tó kó dúró síbẹ̀.

"Ọkọ mi náà gbìyànjú o. Òun ló bá wọn di tọ́ọ̀ṣì mú."

Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀rín rere ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi gbéra. Mo rò pé ilé ìtọ̀ ni mò ń lọ. Iwájú ni mo bá ara mi, máìkì lọ́wọ́. Mo fẹ́ ka gbogbo nǹkan tí mo ti tún ṣe nílé wa láti ọjọ́ áyọ́ọ̀nù. Ibi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ ni ojú mi ti ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Brother. Ó rora mi orí sí mi. Ó ń sọ fún mi pé kí n fọkàn balẹ̀, òun ò ní sọ.

Mi ò lè gbà á. Ṣé títí ayé ni ọkùnrin yìí á máa ṣoore fún mi?

"Òjò kọ́," mo wí. "Èmi ni. Èmi ni mo fi ọ̀rá wé wáyà níta, òjò wá gbára jọ sínú ẹ̀. Brother rí i, ó bò mí láṣìírí. Èmi náà ni mo fi nǹkan tó pọ̀ jù sórí sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn."

Pásítọ̀ wa rọra gba máìkì lọ́wọ́ mi. Ó wo apá ibi tí àwọn ọkùnrin jókòó sí.

"Ta ló tún fi ọ̀rá wé wáyà nílé rẹ̀? Ẹ má purọ́ nílé Ọlọ́run."

Àwọn ọkùnrin ń wo bàtà wọn. Nígbà tó yá, ìyá kan ní ìlà kẹta di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó nà án sókè fún un. Òmíràn na ìka sí tirẹ̀. Òmíràn dìde dúró kí wọ́n lè rí i dáadáa. Kí n tó padà dé àyè mi, gbogbo ìjọ ti dàrú.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyàwó ti yí Brother ká níta, ó mú fóònù dání, ó ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì. Ọkọ mẹ́ta ká mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe fún wa báyìí?" èyí tó síwájú wí. "Ó ń bọ̀ nílé mi lọ́jọ́ Túsìdeè! Ìyàwó mi ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan títí á fi dé."

"Tèmi Wẹ́sìdeè," ìkejì wí. "Ìyàwó mi ti ń béèrè lọ́wọ́ mi irú oúnjẹ tí Brother fẹ́ràn. Èmi kẹ̀, ta ní béèrè tèmi?"

Irùngbọ̀n Brother ni ìkẹta ń wò lókèèrè.

Ó yẹ kí àánú wọn ṣe mí. Mo bẹ̀ wọ́n, mo kẹ́dùn, ṣùgbọ́n kí n má tàn yín, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí wo àwọn obìnrin tó yí i ká lọ́kọ̀ọ̀kan, fìlà dé fìlà, gèlè dé gèlè. Mò ń wá ìyàwó mi láàárín wọn. Kò sí níbẹ̀. Mo tún wọn kà. Kò sí níbẹ̀.

Họ́ọ̀nù mọ́tò dún lẹ́yìn mi. Ìyàwó mi ló jókòó sídìí ìdarí ọkọ̀, ó ti ṣíná, ó sọ gíláàsì kalẹ̀.

"Ṣé ẹ máa wá ni, àbí kí n máa lọ?"

Mo wọlé. A ti rìn díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ ọ́? Ṣebí Brother ti bá yín pa á mọ́."

"Ìdí tí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

"Èwo?"

"Pé òun ló bá mi pa á mọ́."

Ó yíjú wò mí, ó tún wo ọ̀nà, ó tún wò mí. "Brother? Brother lẹ ń jowú?"

Mo wo ojú fèrèsé. Ẹ̀rín kọ́kọ́ bú jáde nímú rẹ̀, ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣeé gbé mì. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, nítòsí ibi tí èrò ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó gbórí lé ìdarí ọkọ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ní òun ò lè wà á mọ́, omijé ò jẹ́ kí òun ríran. A bọ́ sílẹ̀ níṣojú gbogbo èrò, a pààrọ̀ àyè. Èmi ni mo wa ọkọ̀ délé.